Nígbà Tí Kò Sí Ohun Tó Wuni Ṣe Mọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ti Fara Pamọ́ Tipẹ́

Ẹni tó ti yọwọ́ nínú ayé fún oṣù mẹ́fà, ọdún kan tàbí ọdún mẹ́ta kì í sábà béèrè ìbéèrè sókè. Òru ló máa ń bi ara rẹ̀, nígbà tí oorun bá kọ̀ tí kò wá. Àwọn ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni mo kó jọ síbí. Ìdáhùn àwọn kan gùn, ti àwọn kan ò ju gbólóhùn díẹ̀ lọ, nítorí gbogbo wọn kọ́ ló le bákan náà.

Kí ló ń ṣe mí gan-an? Mi ò sunkún, inú mi ò sì bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó wù mí.

Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ròyìn rẹ̀ nìyẹn. Wọn ò ní sọ pé ìbànújẹ́ ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n á ní gbogbo nǹkan ṣáà rí bákan náà. Orin tí wọ́n fi ń jó tẹ́lẹ̀ ń dún, etí gbọ́ ọ, ọkàn ò dá a lóhùn. Ìròyìn ayọ̀ dé, wọ́n rẹ́rìn-ín nítorí pé ó yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti kíyè sí i. Ní ọdún 1896 ni Théodule Ribot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kọ̀wé nípa rẹ̀, tó sì pè é ní anhedonia. Mo mẹ́nu kan èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ tí nǹkan yìí ń ṣe ló gbà pé àwọn nìkan ni, pé ìwà àwọn ló yí padà tàbí pé ọkàn àwọn ti le. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣe yín ti ṣe àwọn mìíràn rí, ó sì ní ìtọ́jú.

Nǹkan kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀, nítorí òun ni gbogbo ìmọ̀ràn tí mo máa gbà yín dúró lé lórí. Kent Berridge ní Yunifásítì Michigan ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí ọpọlọ, ohun tó sì rí ni pé ohun tó ń mú kí nǹkan wu ènìyàn ṣe yàtọ̀ sí ohun tó ń mú kí nǹkan náà dùn mọ́ ọn nígbà tó bá ń ṣe é. Ọ̀kan lè dákẹ́ kí èkejì ṣì máa ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè máa ráhùn kí ó tó jáde, "mi ò fẹ́ lọ, mi ò fẹ́ lọ," tó bá wá débẹ̀ tán, kí ara rẹ̀ yá díẹ̀.

Ṣé ọ̀lẹ ni mí ni?

Rárá. Ọ̀lẹ a máa gbádùn ìsinmi rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti gbádùn ìjókòó yìí? Ẹni tó ń jókòó láti àárọ̀ di alẹ́, tó sì ń fi ìjókòó náà bú ara rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, tàbí ẹ̀rù ń bà á, tàbí ara rẹ̀ ò yá. Èébú kò wo ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sàn rí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá àìsàn ni?

Ẹ wo ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣègùn ń lò nìyẹn. Bí ọkàn yín bá ti wúwo, tàbí tí nǹkan kan ò bá wù yín, fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ àti ní ọjọ́ tó pọ̀ jù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, tí oorun yín, ìjẹun yín, okun ara yín tàbí ojú tí ẹ fi ń wo ara yín sì ti yí padà, ó ti tó gbé lọ bá dókítà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìsoríkọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀ pé àwọn ènìyàn tó lé ní 280 mílíọ̀nù ni ìsoríkọ́ ń bá jà káàkiri ayé, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín kò ní ṣàjèjì létí dókítà.

Ẹ ní kí wọ́n yẹ ara àti ẹ̀jẹ̀ yín wò pẹ̀lú. Bí táírọ́ọ̀dì, ìyẹn ẹṣẹ́ tó wà níwájú ọrùn, kò bá ṣiṣẹ́ tó, bí ẹ̀jẹ̀ ò bá tó lára, bí fítámì B12 bá dín kù, tàbí bí èémí bá ń dá dúró lójú oorun lóru, ó lè sọ ènìyàn di ẹni tí nǹkan kan ò wù. Mo ti rí àwọn tó fi ọdún gbáko wá àbùkù sí ìwà ara wọn, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni kò tó wọn lára. Àwọn oògùn kan náà lè fà á, nítorí náà ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má fúnra yín dá èyíkéyìí dúró.

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ló gbẹ yín, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ díẹ̀. Nínú ìwé ìpín-sí-ìsọ̀rí àìsàn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, ICD-11, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022, wọn ò ka kí iṣẹ́ tán ènìyàn lókun sí àìsàn. Wọ́n ní ó ń ti inú wàhálà ibi iṣẹ́ tí a kò rí ojútùú sí wá ni. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí ẹ bá sinmi fún oṣù mẹ́ta tí ẹ wá padà sínú iṣẹ́ kan náà, lábẹ́ ọ̀gá kan náà, pẹ̀lú ẹrù kan náà, ibi tí ẹ ti kúrò ni ẹ máa bá ara yín.

Tó bá sì jẹ́ ọ̀fọ̀, mi ò ní bá yín ka ọjọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti lé ní oṣù mẹ́fà, tí ìbànújẹ́ náà ṣì gbóná bí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó sì ń dí yín lọ́wọ́ àtijẹ àtimu, ẹ wá ẹni tó mọ̀ nípa ìtọ́jú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ ò ní torí bẹ́ẹ̀ gbàgbé ẹni tó lọ.

Èrò pé kí n má sí mọ́ máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ fi ìyókù ohun tí mo kọ síbí sílẹ̀ ná. Ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí. Ẹ má fi bò, ẹ má fi ṣe àwàdà: "Mò ń ronú láti pa ara mi, mi ò fẹ́ dá wà." Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù lọ, kí ẹni náà bá yín lọ bó bá ṣeé ṣe. Ohunkóhun tí ẹ ti ń rò pé ẹ lè fi ṣe ara yín léṣe, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e kúrò nílé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Irú èrò bẹ́ẹ̀ máa ń ru sókè, ó sì máa ń rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì wà láàyè lónìí nítorí pé ẹnì kan jókòó tì wọ́n títí tó fi rọlẹ̀.

Ṣé gbogbo ìfarapamọ́ ló burú?

Ó tì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú, ẹni tó ń tọ́jú òbí tó ń kú lọ, ẹni tó ń gbàwòsàn, gbogbo wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti ti ilẹ̀kùn. Ohun tí mo máa ń ní kí ènìyàn wò ni ohun tí ìdáwà ń ṣe fún un. Ṣé ẹ máa ń ti inú rẹ̀ jáde pẹ̀lú okun díẹ̀ sí i, àbí bó ṣe ń pẹ́ sí i ni ìjáde túbọ̀ ń ṣòro? Bó bá jẹ́ ti ìkejì, ìsinmi ti tán níbẹ̀.

Mo ti sinmi tó. Kí ló dé tí ara mi ò fi bọ̀ sípò?

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì, nítorí gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún ẹni tó rẹ̀ pé kó lọ sinmi. Ìsinmi máa ń tu iṣan tí iṣẹ́ ti dá lágara lára. Kì í dá ìtara padà fún ọkàn tí kò ní ohun kan tó ń dá a lára yá mọ́.

Ní àwọn ọdún 1970, Peter Lewinsohn, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀: iṣẹ́ bọ́, ìfẹ́ dàrú, àìsàn dé. Àwọn ohun tó ń fún ènìyàn láyọ̀ dín kù. Nígbà tí ayọ̀ dín kù, ara kọ́kọ́ fa sẹ́yìn díẹ̀. Bó ṣe fa sẹ́yìn, ayọ̀ tún dín kù sí i, ó sì tún fa sẹ́yìn sí i. Ẹ fagi lé ìjáde ọjọ́ Sátidé kan, ara sì tù yín lójú ẹsẹ̀, nítorí ẹ ò ní múra, ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìtura ojú ẹsẹ̀ yẹn gan-an ló burú. Òun ló kọ́ ọpọlọ pé ìfagilé dára. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọpọlọ á rántí. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọn ò pè yín mọ́, ẹ sì wá gbà pé wọn ò fẹ́ràn yín.

Ohun mìíràn wà tí John Cacioppo, tó fi èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Chicago wádìí ìdánìkanwà, fi hàn. Ẹni tó bá ti dá wà pẹ́, ọpọlọ rẹ̀ máa ń wà lójúfò sí ewu láàárín ènìyàn. Ojú tí ẹni tí kò dá wà máa kà sí ojú lásán, á kà á sí ojú ìkórìíra. "Báwo ni?" tí ẹnì kan sọ láìrò ó, á gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá jáde tí gbogbo ènìyàn sì dà bíi pé wọ́n ń wò yín ní ìwòkuwò, ẹ má tètè gba ojú yín gbọ́. Ó ń dínkù bí ẹ bá ṣe ń jáde sí i.

Ṣé kò yẹ kí n dúró kó wù mí ná?

Bí mo bá ní ohun kan ṣoṣo láti sọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, òun ni pé kí ẹ má dúró. Ìṣe ló máa ń ṣíwájú, ìfẹ́ á wá máa bọ̀ lẹ́yìn. Mo mọ̀ pé kò dùn gbọ́, pàápàá fún ẹni tí okun rẹ̀ ti tán, mi ò sì sọ ọ́ láti fi bá yín wí.

Ẹ̀rí rẹ̀ lágbára. Ní 1996, Neil Jacobson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín 150 ènìyàn tó ní ìsoríkọ́ sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n fi ń tún èrò ọkàn ṣe. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ṣe kò ju kí wọ́n padà máa ṣe nǹkan tó ní ìtumọ̀ fún wọn, díẹ̀díẹ̀, lákòókò tí wọ́n ti fi sí. Ara àwọn wọ̀nyí yá tó ti àwọn yòókù. Ní 2016, David Richards àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún dán ọ̀nà kan náà wò pẹ̀lú 440 ènìyàn, wọ́n sì fi í sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kò tíì di àgbà nínú iṣẹ́. Àbájáde rẹ̀ kò rẹlẹ̀ sí ti àwọn onímọ̀ tó lo ọ̀nà tó ṣòro jù.

Bí ẹ ṣe lè fi ṣe é nìyí. Ẹ mú bébà kan. Kí ẹ tó ṣe ohun kan, ẹ kọ iye tí ẹ rò pé ó máa dùn tó, láti 0 dé 10. Tí ẹ bá ṣe é tán, ẹ kọ iye tó dùn ní tòótọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ti fara pamọ́ pẹ́ sábà máa ń kọ 1 kó tó ṣe é, kó wá kọ 3 tàbí 4 lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ̀ pé 3 kì í ṣe ayọ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí i pẹ̀lú ìwé tí ọwọ́ yín kọ pé ọkàn tó ń sọ pé "kò ní dùn" ń purọ́ fún yín.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Níbi tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi máa tì yín lójú láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé ohun tí ẹ ṣe lónìí nìyẹn.

Obìnrin kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, tó ń rán aṣọ tẹ́lẹ̀. Ó tó ọdún méjì tí kò fi fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ti fi aṣọ bò ó, ó kó ìwé sórí rẹ̀, ó wá di tábìlì. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ padà sídìí rẹ̀, odindi aṣọ ló máa ń rò ó sí: kó gé e, kó rán an, kó lọ̀ ọ́, kó sì dára tó ti tẹ́lẹ̀. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ kó tó dìde. Ohun tí a jọ fẹnu kò sí ni pé lọ́jọ́ kìíní, kí ó kó ìwé kúrò lórí ẹ̀rọ náà, kó sì ṣíwọ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó nu eruku, ó kán òróró sí i. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, òwú kọ̀ kò wọlé, ó fi ẹnu tọ́ ọ, ó tún gbìyànjú. Nígbà tó wọlé, ó rán ìlà kan ṣoṣo sórí àkísà, lọ àti bọ̀. Kò rán nǹkan mìíràn lọ́jọ́ náà. Ó ní ìró ẹ̀rọ yẹn ló ṣe òun bákan, pé òun ti gbàgbé pé òun fẹ́ràn ìró náà.

Ẹ kíyè sí i pé ìró ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ padà sí i lọ́kàn, kì í ṣe aṣọ. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ohun kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ náà ló sábà máa ń kọ́kọ́ jí: òórùn ọ̀dà, bí okùn gìtá ṣe rí lábẹ́ ìka, ewé tuntun lára igi tí ẹ bomi rin.

Ẹ dá àkókò fún un. "Mo máa ṣe é bó bá yá" kì í yá. "Lẹ́yìn tí mo bá wẹ̀ tán láàárọ̀" sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìwẹ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tuntun náà á so mọ́ ọn.

Mo ti gbàgbé ohun tó máa ń dùn mọ́ mi.

Ẹ má béèrè lọ́wọ́ ọkàn yín, kò ní dáhùn báyìí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rí. Ẹ wo àwọn fọ́tò inú fóònù yín láti ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún sẹ́yìn: kí ni ẹ máa ń yà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ yín? Kí ló wà nísàlẹ̀ àpótí tí ẹ ò jù nù? Ẹ bi àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ ìgbà èwe pé, "Kí ni mo máa ń ṣe tí mo fi máa ń gbàgbé oúnjẹ?" Wọ́n á rántí, nítorí pé ẹni tó ń pe ènìyàn wá jẹun kì í gbàgbé.

Ìlara náà jẹ́ atọ́nà, bí kò tilẹ̀ dára láti máa jókòó tì í. Ta ni ẹ rí lẹ́nu àìpẹ́ yìí tí inú yín ta díẹ̀ nígbà tí ẹ rí ohun tó ń ṣe? Ohun tí kò kàn yín kò lè dùn yín.

Ohun tí mo fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ni mo padà sí, kò sì dùn mọ́.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ fún un, ẹ fi kún un. Bí ó bá ti tó oṣù mélòó kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ti kọjá ibẹ̀. Ọdún tí ẹ fi dá wà kì í ṣe ọdún òfo, ó ti yí yín padà. Ẹni tó ń fi ariwo àti èrò dá ara rẹ̀ lára yá lè rí i pé ọgbà àti ilẹ̀ ló ń pe òun báyìí. Mi ò rí ohun tó burú nínú kí ènìyàn ṣọ̀fọ̀ ohun tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, kó sì gbé e kalẹ̀.

Mo fẹ́ pe àwọn ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Ó ti pẹ́ jù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn há sí nìyí. Ìwé tí wọn ò dá èsì rẹ̀ padà ti di ogójì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dà bí gbèsè. Wọ́n gbà pé àfi kí àwọn kọ́kọ́ ṣàlàyé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, kí àwọn tọrọ àforíjì lọ́wọ́ oníkálukú, kí àwọn tó lè sọ pé "ẹ n lẹ́". Àlàyé náà gùn jù, wọn ò sì bẹ̀rẹ̀.

Peggy Liu ti Yunifásítì Pittsburgh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní 2022 tí nǹkan bí 5,900 ènìyàn kópa nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn kan kàn sí ẹni tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n sì sọ bí wọ́n ṣe rò pé inú ẹni náà máa dùn tó. Inú àwọn tí wọ́n kàn sí dùn ju bí wọ́n ti rò lọ. Ó sì tún ga sí i níbi tí ẹni náà kò ti retí rẹ̀. Nítorí náà, pípẹ́ tó ti pẹ́ tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn lè jẹ́ kí ìpè yín dùn mọ́ ẹni náà sí i.

Ẹ kọ ọ́ kúrú. "Mo rántí rẹ láàárọ̀ yìí nígbà tí mo gbọ́ orin tí a máa ń kọ nínú ọkọ̀. Mo ti dákẹ́ pẹ́, ara mi ò yá ni. Kò pọn dandan kí o fèsì, mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé mo rántí." Ó tó. Bí ó bá jẹ́ àgbà, ẹ yí i sí "yín" àti "ẹ", kí ẹ kí i bí ẹ ti máa ń kí i tẹ́lẹ̀. Ẹ má kọ ojú ewé mẹ́ta. Àwíjàre gígùn máa ń di ẹrù lọ́rùn ẹni tó gbà á, nítorí ó máa rò pé òun náà gbọ́dọ̀ kọ mẹ́ta padà.

Ẹ fi ẹni tó rọrùn jù bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ dàrú pẹ̀lú jù. Ti ìyẹn ṣì ń bọ̀, tí ẹ bá ti lókun.

Bí wọ́n bá bi mí pé "níbo lo wà látọjọ́ yìí" ńkọ́?

Ẹ ní ìdáhùn kan lẹ́nu kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹnu má baà há: "Nǹkan le díẹ̀ fún mi, ara mi ti ń balẹ̀. Ìwọ ńkọ́, báwo ni iṣẹ́?" Òtítọ́ ni, ó sì sé ilẹ̀kùn náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní ìtàn yín. Ẹni tó bá tọ́ sí gbogbo rẹ̀, ẹ máa mọ̀ ọ́n.

Bí ẹni náà kò bá fèsì?

Ẹ dúró ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kàn sí ẹlòmíràn. Òun náà lè wà nínú yàrá tirẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn tó tì.

Mi ò ní ọ̀rẹ́ kankan tó kù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí kì í ṣe ọ̀rẹ́. Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Gillian Sandstrom, tó ti pẹ́ tó ń ṣe ìwádìí nípa èyí, rí i pé ìkíni àti ọ̀rọ̀ kékeré pẹ̀lú àwọn tí a kàn mọ̀ lójú, bí ẹni tó ń ta nǹkan fún wa tàbí ẹni tí a jọ ń pàdé lójú ọ̀nà, máa ń mú ara ènìyàn yá sí i lọ́jọ́ tó bá pọ̀. Ní 2014, Nicholas Epley àti Juliana Schroeder ní kí àwọn tó ń wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Chicago bá àjèjì tó jókòó tì wọ́n sọ̀rọ̀. Èrò àwọn ènìyàn ni pé kò ní dùn, pé ìdákẹ́jẹ́ sàn. Àwọn tó sọ̀rọ̀ ló gbádùn ìrìn náà jù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ibi tí àwọn kan náà ti ń pàdé lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀: ẹgbẹ́ akọrin, kíláàsì, iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Àrítúnrí ojú ló ń sọ àjèjì di ojúlùmọ̀. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mẹrin kí ẹ tó pinnu pé kò bá yín mu, nítorí kò sí ẹni tí ìgbà àkọ́kọ́ rọ̀ lọ́rùn.

Ṣé bíbá ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà kà?

Ó kà, bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń dá yín lóhùn. Kí ẹ máa fi àtàǹpàkò yí ojú fóònù, kí ẹ máa wo ayé àwọn ẹlòmíràn láìsọ nǹkan kan, mi ò kà á mọ́ ọn. Fún ẹni tí ara rẹ̀ ò gbé ìjáde, íntánẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ afárá tó dára gan-an. Ẹ ṣáà má kọ́ ilé sórí afárá náà.

Kí ni ti ara nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ó pọ̀. Aago kan wà nínú ara tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń tò. Ẹni tó ń sùn ní agogo mẹ́rin òru tó ń jí lọ́sàn-án, lẹ́yìn aṣọ fèrèsé, aago yẹn ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ mú wákàtí tí ẹ ń jí, ẹ sọ ọ́ di ọ̀kan náà lójoojúmọ́, kódà bí ẹ ò bá sùn dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ síta kí oòrùn tó ga. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje ó kéré tán.

Ìdárayá ń ṣiṣẹ́ lórí ọkàn, ẹ̀rí rẹ̀ sì pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi 150 sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe ìdárayá tó mọ níwọ̀n. Ẹni tó ti dùbúlẹ̀ oṣù mẹ́jọ kò lè fi 150 bẹ̀rẹ̀. Ẹ rìn dé igun òpópónà, ẹ padà. Àjọ náà fúnra rẹ̀ sọ pé díẹ̀ sàn ju òfo lọ.

Nípa ọtí àti igbó, mo fẹ́ sọ òtítọ́: bí ẹ bá ń lò wọ́n láti lè sùn tàbí láti lè jáde, gbogbo iṣẹ́ tó kù á máa le sí i. Ẹ sọ fún dókítà. Bó bá jẹ́ pé ọtí lẹ ń mu lójoojúmọ́, tó sì pọ̀, ẹ má dá a dúró lójijì láìsí dókítà níbẹ̀, nítorí ó lè la ẹ̀mí lọ.

Ó máa pẹ́ tó ìgbà wo?

Ní 2010, Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí àwọn 96 tó ń gbìyànjú láti sọ ohun kan di àṣà. Ọjọ́ 66 ló sún mọ́ ti àárín, ṣùgbọ́n ó gba àwọn kan ní 18, ìṣirò sì fi ti àwọn mìíràn sí 254. Ohun tó tù mí nínú jù níbẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá pa ọjọ́ kan jẹ, kò ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Ọjọ́ burúkú máa wà. Ẹ máa ṣe dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ó sì jí lọ́jọ́ kan bí ẹni pé ẹ ò tíì kúrò lójú kan. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe èyí tó kéré jù lọ nínú gbogbo ohun tí ẹ ti ń ṣe, kí ẹ sì sùn lákòókò. Bí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ lé ara wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà.

Èmi kọ́, ọmọ mi ni. Kì í jáde ní yàrá mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ ò dá wà. Ní Japan, níbi tí Tamaki Saitō, oníṣègùn ọpọlọ, ti jẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ nípa ìfarapamọ́ tó lé ní oṣù mẹ́fà ní 1998, ìwádìí ìjọba tí wọ́n gbé jáde ní 2023 ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ènìyàn, láti ọmọ ọdún 15 dé 64, ló ń gbé bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́.

Ẹ má fọ́ ilẹ̀kùn, ẹ má sì fi í wé ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ tún má fi i sílẹ̀ pátápátá pé ó máa jáde nígbà tó bá wù ú. Ẹ kan ilẹ̀kùn lákòókò kan náà lójoojúmọ́, ẹ sọ ohun kan tí kì í ṣe ìbéèrè: "Mò ń lọ síta, òjò ti dá." Ẹ má béèrè iṣẹ́, ẹ má béèrè ìwé. Nígbà tó bá fèsì, kódà bó jẹ́ "hẹn" lásán, ẹ jẹ́ kó tó fún ọjọ́ náà. Bó bá jáde wá sí pálọ̀, ẹ má pàtẹ́wọ́, ẹ má sọ pé "o ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ilé mọ́." Ẹ sún fún un lórí àga.

Kí ẹ̀yin fúnra yín lọ bá onímọ̀ sọ̀rọ̀, bí ọmọ náà bá kọ̀ láti lọ. Wọ́n lè kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa bá a sọ̀rọ̀, ìyípadà lọ́dọ̀ òbí sì máa ń dé inú yàrá yẹn ṣáájú dókítà. Bí ó bá sọ̀rọ̀ ikú, tàbí tí kò jẹun mọ́, tàbí tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, ẹ wá ìrànlọ́wọ́ oníṣègùn lọ́jọ́ náà gan-an, bóyá ó fẹ́ tàbí kò fẹ́.